Olè Tó Mú Ohùn, Tó Fi Kámẹ́rà Sílẹ̀

Olè wo ló máa wọlé, tó máa bá kámẹ́rà gidi nínú báàgì, tó máa bá máìkì tuntun tí òórùn ṣọ́ọ̀bù ò tíì kúrò lára ẹ̀, tó máa wá yọ káàdì tí kò tó èékánná, tó máa fa síìpù báàgì náà padà wẹ́rẹ́ kó tó máa bá tiẹ̀ lọ? Ohun tí Jẹ́jẹ́ ń bi ara ẹ̀ nìyẹn bó ṣe jókòó sínú pálọ̀ onílé, tó ń wo báàgì orí tábìlì bí ẹni tó ń wo ọmọ tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ.

Jẹ́jẹ́ kọ́ lorúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ ẹ̀ ló fún un, torí pé látọjọ́ tó ti dé ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan á máa gbá tábìlì, àwọn kan á máa ranjú. Òun á fa àga, á jókòó tì ọ́, á bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Kí o tó mọ̀, o ti ń sọ ohun tí o búra pé o ò ní sọ. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Obìnrin yìí ti fẹ̀sọ̀ mú ọ̀daràn tó pọ̀ ju èyí tí àwọn aláriwo fi ariwo mú lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní ń dùn ún lọ́kàn. Ohùn èèyàn ni wọ́n jí.

Bàbá onílé, àgbà káfíńtà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n we aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn. Àìsàn ló wọ ọ̀fun ẹ̀. Dókítà ní bí àwọn ò bá yọ ibi tí ohùn ti ń jáde, ẹ̀mí ló máa bá a lọ. Wọ́n yọ ọ́. Bàbá wà láàyè, ara ń mókun, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n bí mọ́ ọn ti lọ, kò sì ní padà wá mọ́ láyé. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí oyún inú ẹ̀ ti ń ṣáájú ẹ̀ wọlé, ló dábàá pé kí wọ́n tó gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, kí ọmọ tó ń bọ̀ lè mọ bí bàbá ìyá ẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, ní kámẹ́rà kékeré tó fi ń ya fídíò irun tó bá gé fún àwọn èèyàn, tó sì ń fi orin sábẹ́ ẹ̀. Òun ló lọ ra máìkì. Òun ló ya Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Àná ni Bàbá dé. Gbogbo ilé péjọ láti wò ó, ọkọ ṣí kámẹ́rà, ó ní òun ò rí káàdì.

"Ká ní kámẹ́rà ni wọ́n gbé ni, Ma, mi ò bá má wá sí àgọ́ yín," ni aránṣọ náà wí, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọn kì í lo fóònù, wọn kì í fohùn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn wọn wà."

Jẹ́jẹ́ dì í lọ́wọ́ mú. Ìyá tiẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó ṣì ń rántí ojú ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń wá ohùn ẹ̀ nínú iyè tí kò rí i mọ́. Ohun tí ọmọ yìí ń wí yé e ju bó ṣe yẹ kó yé ọlọ́pàá lọ.

"Ta lẹ fura sí?"

Ìyá wọn ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ọmọ mi ọkùnrin ni wọ́n ń fura sí. Èmi fúnra mi ni mo rí i nídìí báàgì yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ro nǹkan kan sí i. Àná ni ọkọ ọmọ mi ní kí n rántí dáadáa bóyá ẹnì kan fọwọ́ kàn án."

"Látọjọ́ tí wọ́n ti yà á, ẹ ò wò ó rárá?"

"Mo fẹ́ wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà," ni aránṣọ wí. "Ọkọ mi ní bátìrì ti kú. Ó ní ká ní sùúrù, kí Bàbá dé, ká jọ wò ó. Ó gbé báàgì sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Jẹ́jẹ́ kó gbogbo ohun inú báàgì síta. Kámẹ́rà nìyí. Páálí máìkì nìyí. Nǹkan kékeré méjì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n dà bí bọ́tìnnì kóòtù. Wọ́n á fi ọ̀kan há àyà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan á jókòó sórí kámẹ́rà, tàyà á máa fi ohùn ránṣẹ́ sí tòkè láìsí okùn láàárín wọn. Wáyà kúkúrú méjì ló bá wọn wá, tí wọ́n fi ń so tòkè mọ́ kámẹ́rà. Ọ̀kan ti ká kò, ó ti ṣiṣẹ́. Okùn tí ilé iṣẹ́ fi di èkejì ṣì wà lára ẹ̀ bí wọ́n ṣe dì í.

Ó gbé wáyà méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n títí. Lójú tiẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Kí ló dé tí wọ́n fi fún èèyàn ní méjì? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó kó gbogbo ẹ̀ padà sínú báàgì, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá pé ó dìgbà, ó sì gbé báàgì náà jáde.

*

Ẹsẹ̀ méjì ló rí nígbà tó dé ọgbà mẹkáníìkì. Èyí tó kù lára ọmọ Bàbá ọkùnrin wà lábẹ́ ọkọ̀.

"Bó bá jẹ́ pé ẹ wá mú mi ni," ni ohùn wí lábẹ́ ọkọ̀, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé nọ́ọ̀tì yìí. Ọlọ́kọ̀ ń bọ̀."

"Dé e dáadáa. O ti jẹun?"

Ó yọ orí jáde, epo dúdú wà níwájú orí ẹ̀. "Rárá, Ma."

Wọ́n jókòó sórí táyà. Ẹ̀gbọ́n yìí, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, jẹ́ ọkùnrin gìrìwò tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń jáde bí ẹni ń bínú, kódà bó bá ń kí èèyàn.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣe é, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn," ló wí. "Wọ́n gbé kámẹ́rà síwájú bàbá mi bí ẹni tó fẹ́ kú. Mo ní ta ló sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ kú? Ó wá di pé èmi ni mo jí i."

"Kí lo wá wá dé ìdí báàgì?"

Ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́ tí kò lè mọ́. "Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, mo wà ní ọsibítù nígbà tí wọ́n gbé bàbá mi jáde. Wọ́n lajú, wọ́n rí mi, wọ́n ya ẹnu láti pè mí. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ma, mi ò lè dúró. Mo sá wálé. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan."

"O gbọ́ ọ?"

"Mo tan kámẹ́rà, ó kọ ọ́ sójú pé kò sí káàdì nínú òun. Mo rò pé ọkọ àbúrò mi ti tọ́jú ẹ̀ síbi tó láàbò. Mo fa síìpù báàgì padà, mo padà sí ọsibítù."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn lánàá?"

"Èmi tí mo fi gbogbo ẹnu sọ pé wọn ò gbọdọ̀ yà á? Kí n wá sọ pé mo yọ́ wálé wá gbọ́ ọ? Àbúrò mi á fi mí ṣẹ̀sín dọjọ́ alẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, epo tún kun ibẹ̀.

Jẹ́jẹ́ fún un ní hańkáṣíìfù. Ó ń rò ó. Bí ọkùnrin yìí bá purọ́, irọ́ tó yan ò gbè é, torí ó gbé ara ẹ̀ dé ìdí báàgì fúnra ẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, a jẹ́ pé káàdì ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kan báàgì yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín.

"Wọ́n yà á níṣojú ẹ?"

"Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, inú ń bí mi."

"Báwo ló ṣe fi máìkì há Bàbá láyà?"

"Òun kẹ̀? Kò fi í há wọn o. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, Bàbá sì fi há ara wọn. Ọmọ yẹn ń bẹ̀rù bàbá mi ju bó ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ."

"Ṣé ó ní kí Bàbá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, kó gbọ́ bóyá ó ń wọlé?"

Ẹ̀gbọ́n wò ó bí ẹni pé orí ẹ̀ dàrú. "Kó ní kí bàbá ìyàwó ẹ̀ máa ka ení, èjì, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Kò dán an wò."

*

Nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, kílípà ń ké, rédíò ń pariwo. Ọkọ aránṣọ dúró lórí oníbàárà kan, ó ń gé etí irun ẹ̀ kó gún. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbáfẹ́ ni. Mo-Ti-Mọ̀ ni àwọn oníbàárà ẹ̀ ń pè é, torí kí o tó ṣàlàyé irun tí o fẹ́ tán, á ti ní òun ti mọ̀.

"Ma, ẹ ti rí i gbà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ń wá a. Ìwọ ló gbọ́ ohùn náà gbẹ̀yìn, mo fẹ́ kó o ràn mí lọ́wọ́. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó mọ́ gaara, Ma. Kedere báyìí."

"O fi íáfóònù gbọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Jẹ́jẹ́ yọ kámẹ́rà jáde jẹ́jẹ́, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Dákun, mo dàgbà, ojú mi ò ríran mọ́. Ibo ni wọ́n ti ń ki íáfóònù bọ ara ẹ̀?"

Ihò kan ṣoṣo ló wà lára kámẹ́rà kékeré yẹn, ti máìkì sì ni. Onígbàjámọ̀ padà sídìí irun tó ń gé. "Mo ṣì í sọ ni. Láti inú sípíkà ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí mo yà á tán."

"Pẹ̀lú bátìrì tó ti kú?"

Kílípà yẹ̀. "Ọ̀gá, orí mi nìyẹn o," ni oníbàárà wí. Ìlà funfun kan ti là lẹ́yìn etí ẹ̀, níbi tí kò yẹ kí ìlà wà.

Ẹlòmíì ì bá ti fò mọ́ ọn níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tó rí yẹn kì í ṣe ojú olè. Ó ti rí ojú olè tó pọ̀, wọ́n máa ń gbóná. Èyí dà bí ojú ẹni tí kò sùn látọjọ́ pípẹ́. Ó kàn bi í níbi tó ti ra máìkì, ó dúpẹ́, ó sì bá oníbàárà náà kẹ́dùn irun ẹ̀.

*

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà ní ìlànà kan tí kì í yẹ̀. Kò ní ṣí gíláàsì tó fi bo ọjà fún ẹnikẹ́ni títí onítọ̀hún á fi sọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ibi tó máa jókòó sí, àti ariwo tó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń bínú, wọ́n á ní ṣé ọlọ́pàá ni. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ sọ ẹni tí òun jẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀, Ma. Gidi ti dé bá ayédèrú."

"Ẹ rántí ẹni tó ra èyí?"

"Onígbàjámọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wọlé wá bi mí léèrè èyí tó tóbi jù. Òun ní èyí tó kéré jù lòun fẹ́."

"Ẹ ṣe bí ẹni pé èmi ni. Ẹ tà á fún mi bí ẹ ṣe tà á fún un."

Obìnrin náà fẹ́ràn ìyẹn. Ó tẹ́ aṣọ sórí káńtà, ó to máìkì mẹ́ta sí i.

"Mo ní ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀? Ó ní bàbá ìyàwó òun, pé ọ̀fun ń dùn wọ́n, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Mo ní níbo? Ó ní nínú pálọ̀, fáànù wà lókè, ọkọ̀ ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé. Mo fi èyí tó rí bí ìka ọwọ́ yìí hàn án. Orí kámẹ́rà ló ń jókòó sí, ohun tó bá dojú kọ ló máa ń gbọ́ jù. Ó dáa, ṣùgbọ́n bí alágbà bá jókòó jìnnà díẹ̀ tí ohùn wọn sì lọ sílẹ̀, fáànù á bá wọn dá sí i. Ni mo bá mú oníwáyà gígùn yìí. Àyà ni wọ́n ń fi í há, wáyà ẹ̀ á wọ́ dé ìdí kámẹ́rà. Ohùn ẹ̀ mọ́, kò sì wọ́n. Àmọ́ bí Bàbá bá dìde lójijì, kámẹ́rà á bá wọn dìde. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ìkẹta ni ti inú páálí yín yìí. Ó ní òun ló máa gbà, pé Bàbá ò fẹ́ràn kí wọ́n na nǹkan sí wọn, èyí ò ní hàn lára wọn."

"Ó yàn dáadáa."

"Ó yan èyí tó dáa jù. Ẹ̀kọ́ ni kò gbà. Mo ní kó jẹ́ kí n fi wáyà hàn án, ó ní òun ti mọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ fi ẹnu ara ẹ̀ dán an wò nílé, ó ní òun ti mọ̀. Mo tún fẹ́ sọ ọ̀kan sí i, ó ti dé títì."

Jẹ́jẹ́ kó wáyà méjèèjì jáde. "Ẹ dákun, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín àwọn ìbejì yìí?"

"Ẹ wo orí wọn. Èyí ní ìlà dúdú méjì, ti kámẹ́rà ni. Èyí ní mẹ́ta, ti fóònù ni." Ó gbé èyí tí okùn ilé iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀ sókè. "Ma, ti kámẹ́rà ni wọn ò tíì tú yìí."

"Bí èèyàn bá wá ki ti fóònù bọ kámẹ́rà ńkọ́?"

"Kámẹ́rà á rò pé máìkì ti dé, á di etí tiẹ̀. Máìkì á máa ránṣẹ́, iṣẹ́ náà ò ní dénú. Àwòrán á dára, ẹnu á máa mì bíi ti ẹja nínú omi. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan."

Jẹ́jẹ́ wá àga, ó jókòó. Gbogbo ẹ̀ ti tò. Ọmọkùnrin tó jẹ́ pé orin ló máa ń fi sábẹ́ fídíò irun, kò nílò ohùn èèyàn rí láyé ẹ̀. Ó ki wáyà fóònù bọ kámẹ́rà. Kámẹ́rà ò nihò íáfóònù tó lè fi gbọ́ ọ. Kò sì jẹ́ sọ fún bàbá ìyàwó ẹ̀ pé kó kọ́kọ́ sọ ọ́ wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti wò ó ní kọ̀rọ̀, ó rí Bàbá tó ń la ẹnu láìsí ohùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi gbé Bàbá lọ. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà tún un ṣe mọ́. Ó yọ káàdì, ó gbé e pamọ́, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọjọ́ ìwòran má pé. Ìgbà tó pé, ó ní olè ni.

Àánú ẹ̀ ṣe é. Inú sì bí i. Méjèèjì ló ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ti dìde tán kó tó rántí ohun kan. "Kí lẹ fẹ́ sọ fún un tó fi jáde?"

Obìnrin náà mú èyí tí wọ́n ń fi há àyà, ó gbé e sókè láàárín ìka méjì. "Pé èyí ń tọ́jú ohùn sínú ara ẹ̀. Bí wọ́n bá ti tàn án, ó ti ń gbà á nìyẹn, kámẹ́rà ì báà gbọ́, kó má gbọ́."

Jẹ́jẹ́ ò mọ̀ pé òun ti di káńtà mú. "Ó ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀?"

"Àfi ká wò ó."

Wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Iná ara ẹ̀ tàn. Obìnrin náà tẹ nǹkan kan, ohùn àgbàlagbà kan sì jáde, ó rọ̀, ó há díẹ̀: "Ṣé kí n máa sọ ọ́ lọ?"

Jẹ́jẹ́ nawọ́. "Ẹ pa á. Àwọn tó ni ohùn yẹn ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

*

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, oníbàárà kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọkùnrin náà jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń gé irun, ó dojú kọ dígí. Jẹ́jẹ́ pa rédíò. Ó fi wáyà méjèèjì sórí pẹpẹ níwájú ẹ̀, ó sì fa àga jókòó tì í.

Ọmọkùnrin náà wo wáyà náà pẹ́. Ó ṣí páálí tó ń kó abẹ kílípà sí, ó yọ káàdì kékeré dúdú jáde, ó gbé e lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́.

"Kò sí nǹkan nínú ẹ̀, Ma. Òfo ni gbogbo ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó, mo rò pé ọjọ́ kan ohùn á jáde." Ó dé páálí náà padà. "Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́ nínú ilé yẹn nìyẹn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, mò ń mi orí. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ìyàwó mi pé èmi ni mo sọ ohùn bàbá ẹ̀ nù?"

"O wá rò pé ó sàn kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni wọ́n máa pè lólè."

Ó bo ojú.

"Àìtètè mólè, olè ń mólóko," ni Jẹ́jẹ́ wí, ohùn ẹ̀ ò sì ga. "Ọkùnrin yẹn ti rí i tí bàbá ẹ̀ fẹ́ pè é, tí afẹ́fẹ́ lásán sì jáde. O tún fi èyí kún un. Àṣìṣe ni ti wáyà, kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Èyí kì í ṣe àṣìṣe."

"Ẹ mú mi lọ, Ma. Ẹ kàn má jẹ́ kí n dé ibẹ̀."

"Ibẹ̀ gan-an lò ń lọ. Ẹnu ara ẹ lo máa fi sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́, tí ẹ̀gbọ́n ẹ ò bá ní ẹ̀sùn, èmi ò ní. Máa bọ̀."

Ó dìde. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Ìgbà yẹn ni Jẹ́jẹ́ tó sọ ohun tó wà nínú máìkì fún un. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọkùnrin náà á gbà láti lọ jẹ́wọ́ láìmọ̀ pé ohùn ṣì wà, ó sì ti mọ̀. Ọkùnrin náà di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sunkún bí ọmọdé.

*

Gbogbo wọn ló wà ní pálọ̀. Bàbá wà nídìí fèrèsé, Ìyá jókòó tì í. Aránṣọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jókòó sórí àga gígùn, wọ́n fi àlàfo ńlá sáàárín ara wọn bí àwọn tó ń jà.

Onígbàjámọ̀ ò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín pálọ̀. "Èmi ni mo yọ káàdì. Mo ba iṣẹ́ jẹ́, ohùn Bàbá ò wọ inú kámẹ́rà, ojú tì mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò jí nǹkan kan. Èmi ni mo ní kí Ìyá rántí wọn. Mo purọ́ mọ́ wọn."

Ẹ̀gbọ́n ti nàró. Iṣan ọrùn ẹ̀ yọ. Jẹ́jẹ́ ò jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀. "Jókòó ná, ọmọ ìyá. O ti pẹ́ tó o ti ń wá nǹkan kan. Kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Ó tẹ sípíkà kékeré tí obìnrin oníṣọ́ọ̀bù yá a.

"Ṣé kí n máa sọ ọ́ lọ?" ni ohùn náà wí, ó sì kún pálọ̀. "Ìwọ ọmọ tí mi ò tíì rí, èmi ni bàbá ìyá ẹ. Káfíńtà ni mí. Wọ́n ní kí n bá ẹ sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Mo ti kan àga kékeré fún ẹ, ó wà lẹ́yìn ilé. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú díẹ̀. Mo mọ̀ sí i. Ìyá ẹ náà jókòó lórí irú ẹ̀, òun ló jẹ́ kó máa jókòó jẹ́jẹ́. Má yọ ìyá ẹ lẹ́nu bí o bá ń bọ̀. Ó tán."

Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó di ikùn mú. Ẹ̀gbọ́n ti tẹrí ba, èjìká ẹ̀ ń mì. Jẹ́jẹ́ nawọ́ láti pa á, ṣùgbọ́n ohùn ò dáwọ́ dúró. Àga dún. Ẹsẹ̀ rìn. Abọ́ dún mọ́ abọ́, a jẹ́ pé ilé ìdáná ni wọ́n dé.

"Bá mi yọ nǹkan yìí láyà," ni Bàbá wí nínú sípíkà.

"Kí ló dé tí ọmọ yẹn ò yọ ọ́?" Ìyá nìyẹn.

"Ó ń bẹ̀rù mi. Mi ò pè é lọ́mọ rí, látọjọ́ tó ti wọlé yìí. Ọkọ ọmọ mi ni mò ń pè é ṣáá. Mo fẹ́ sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà, ó há mi lọ́fun."

"Ẹ pè é báyìí, kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Ó ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Ó tó. Bí mo bá dé, màá sọ fún un."

Nǹkan kan dún gbì, ó wá dákẹ́. Jẹ́jẹ́ pa á. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Ìyá ní òun ti gbàgbé pátápátá pé nǹkan yẹn ṣì wà láyà Bàbá nígbà yẹn.

Bàbá ń wo ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀. Ìyá na pẹ́ńsù sí i pé kó kọ ohun tó fẹ́ sọ, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ya ẹnu, ètè ẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Ìyá wo ẹnu ẹ̀, kò mọ ohun tó wí. Ọmọ ẹ̀ méjèèjì wò ó, kò yé wọn. Onígbàjámọ̀ gbé orí sókè. Níbi tí kílípà ti ń ké tí rédíò ń pariwo látàárọ̀ dalẹ́, bí ètè àwọn oníbàárà ṣe ń mì ló fi ń mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó wo ètè Bàbá títí ó fi dákẹ́, omi sì bọ́ lójú ẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í, ohùn ẹ̀ le.

"Wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀."

"Ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ," ni Ìyá wí.

Ó dìde. Ó kọjú sí Ẹ̀gbọ́n, kò sì lè gbé ojú sókè. "Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n wo bàbá ẹ̀, ó wo ọkọ àbúrò ẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún lórí àga gígùn náà, ó fi ọwọ́ nu àyè tó wà láàárín òun àti àbúrò ẹ̀, ó ní kó wá jókòó.